"By" ní Swídìn abúlé ni, "by" ní Nọ́ọ́wè ìlú ńlá ni: ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí

ỌmọÒṣogbo_Göteborg

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó lè bá mi tú u wà níbí.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé Göteborg ní Swídìn. Èdè wọn kì í ṣe ìṣòro fún mi mọ́. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ni mo fi ń bá olùkọ́ àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí mo rí iṣẹ́ oṣù méjì lẹ́bàá Oslo, ní Nọ́ọ́wè. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó bá gbọ́ èdè Swídìn ti gbọ́ ti Nọ́ọ́wè náà. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, títí di ọjọ́ kẹta. Ọ̀gá wa ní ká pàdé láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ "i byen", pé òun fẹ́ fi mí han àwọn tí a ó jọ máa ṣiṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Swídìn, "by" ni abúlé, "byn" sì ni abúlé náà. Ìlú ńlá ni "stad". Ilé bíi mẹ́wàá kan wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa, pẹ̀lú àká koríko àti pápá màlúù. Ibẹ̀ ni mo lọ dúró sí. Fóònù mi ti kú. Ìgbà tí aago méje kọjá ni mo padà sílé, ọjọ́ kejì ni mo tó gbọ́ pé àárín Oslo ni gbogbo wọn ti ń dúró dè mí. Ó dùn mí gan-an, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí mi nìyẹn, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ mọ̀ nípa mi ni pé mo jẹ́ kí wọ́n dúró dè mí lásán.

Ìbéèrè mi ni pé: báwo ni ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́tà méjì péré, ṣe di abúlé lẹ́nu àwọn kan, tó di ìlú lẹ́nu aládùúgbò wọn? Ta ló yí i padà nínú wọn?

ÌyáÌbejì_Oslo

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Má jẹ́ kí ó dùn ọ́ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ Swídìn gan-an ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa ní Nọ́ọ́wè, "by" ni ìlú, "i byen" sì ni "nínú ìlú". Oslo, Bergen, Trondheim, gbogbo wọn ni "by". "Storby" ni ìlú ńlá bí Lọ́ńdọ̀nù. Tí ibì kan ò bá tíì dé ipò ìlú, "tettsted" ni wọ́n ń pè é, tó bá jẹ́ ìgbèríko tí ilé àwọn àgbẹ̀ wà káàkiri, "bygd" ni. Nọ́ọ́wè ò fi bẹ́ẹ̀ ní abúlé bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé, tí ilé máa ń fara ti ilé. Oko kọ̀ọ̀kan ló dá dúró lórí òkè tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ bá ti tó 5,000, tó sì ní ibi tí ilé pọ̀ sí, lè pe ibẹ̀ ní "by".

Ọ̀rọ̀ "stad" tí ẹ̀yin fi ń pe ìlú, ìbátan rẹ̀ wà níbí náà, "sted", ṣùgbọ́n "ibì kan" lásán ló túmọ̀ sí. Inú "hovedstad", ìyẹn olú-ìlú, nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ bí ìlú déédéé.

Tí ẹ bá bi mí, àwọn Swídìn ló yí i padà. Tiwa ló ti wà tipẹ́. Nínú òfin ìlú tí Ọba Magnus, tí wọ́n ń pè ní Lagabøte, ṣe fún Bergen ní 1276, ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi pe ìlú, "bœr" nígbà náà.

AráDerby

Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń gbé Derby ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2009, "by" tó wà ní ìparí orúkọ ìlú wa yìí sì ni "by" tí ẹ ń sọ.

Kí àwọn Dáníìṣì, ìyẹn àwọn ará Dẹ́nmáàkì ìgbà àtijọ́, tó gba ibí, Northworthy ni orúkọ rẹ̀. Ní 877 ni wọ́n pín apá kan ilẹ̀ Mercia, ìjọba àtijọ́ kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ara wọn, ẹni tó bá sì gba ilẹ̀ a fi orúkọ tirẹ̀ tàbí ohun tó rí níbẹ̀ pè é. Ìgbà yẹn ni Northworthy di Derby. Àwọn kan ní àgbọ̀nrín ló wà nínú orúkọ náà, àwọn kan ní odò Derwent ni. Ní 917, Æthelflæd, obìnrin tó ń ṣàkóso Mercia, kó ogun wá gba ìlú náà padà, ṣùgbọ́n orúkọ Dáníìṣì ò kúrò níbẹ̀ títí dòní. Whitby náà bẹ́ẹ̀: Streoneshalh ni ó ń jẹ́ nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣèpàdé níbẹ̀ ní 664. Grimsby ni "by" ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Grim.

Ní Lincolnshire nìkan, orúkọ tó parí sí "-by" lé ní 200. Ẹ wo wọn dáadáa. Èyí tó pọ̀ jù ló jẹ́ oko ẹnì kan, ilé mẹ́ta, ilé mẹ́rin. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn án á rí i pé kò sí bí àwọn ibi wọ̀nyẹn ṣe lè jẹ́ ìlú ńlá lójú àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ. Nítorí náà Swídìn ló di ìtumọ̀ àtijọ́ mú. Nọ́ọ́wè ló sọ abúlé di ìlú.

(Ẹ ṣọ́ra fún Rugby ṣá o. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí Ọba William ní kí wọ́n kọ ní 1086, "Rocheberie" ni wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún odi ìlú ló wà ní ìdí rẹ̀. Ó jọ pé àwọn "-by" tó yí i ká ló fà á wọ ẹgbẹ́ wọn.)

Akẹ́kọ̀ọ́_Kọpẹnhágìn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ní Dẹ́nmáàkì, méjèèjì ni. Kọpẹnhágìn jẹ́ "by", ibi tí ilé ogójì wà náà jẹ́ "by". Tí wọ́n bá fẹ́ kó hàn pé abúlé ni, wọ́n á ní "landsby", "by" ti ilẹ̀ oko. Fún àwọn tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, ibi tí ilé fara tira tí èèyàn 200 sì ń gbé ti tó "by". "Gå i byen" sì ni kéèyàn jáde lọ ṣe fàájì lálẹ́. Kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn wá abúlé lọ.

Ní Greenland, tó wà lábẹ́ Dẹ́nmáàkì, ìjọba ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Nuuk àti irú rẹ̀ ni "by". Àwọn ibùdó apẹja kéékèèké ni "bygd".

Ewélóko

Ìbéèrè kékeré. Ṣé "by" inú Gẹ̀ẹ́sì, irú "by the road", jẹ́ ìbátan wọn?

AráDerby

Rárá o. Ìyẹn ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn Dáníìṣì tó dé. "Bei" èdè Jámánì ni ìbátan rẹ̀. Ìrísí ló pa wọ́n pọ̀.

Olùkọ́Àgbà_Ìbàdàn

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú mi dùn sí i pé ẹ ń fi ẹ̀rí sọ̀rọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ni ní ìtàn èdè kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ràn jù.

Ìyá Ìbejì ní tiwọn ló ti wà tipẹ́. Ará Derby ní ti Swídìn ni. Ẹ̀yin méjèèjì ń bi ọ̀rọ̀ náà ní ìbéèrè tí kò bá a bí. Kì í ṣe ìlú, kì í ṣe abúlé. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe "búa" ló ti jáde, nínú èdè Norse àtijọ́ tí gbogbo wọn ti pínyà. "Búa" ni kí èèyàn tẹ̀dó, kí ó máa gbé ibì kan. "Býr" tàbí "bœr" ni ibi tí èèyàn tẹ̀dó sí. Ó parí síbẹ̀. Kò sọ iye ilé, kò sọ iye èèyàn.

Èmi ò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a mu ju "ibùdó" lọ. A ní "dó", a ní "tẹ̀dó", a ní "ibùdó". Ibùdó ọdẹ lè jẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo. Ibùdó ogun lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Nígbà tí mo bá pe Ìdó-Èkìtì tàbí Ìdó-Ọ̀ṣun, "dó" yẹn náà ni mo ń gbọ́ nínú wọn.

Ẹ wo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kí ẹ lè rí i kedere. "Bo" ni kí èèyàn máa gbé ibì kan, ní Swídìn, ní Dẹ́nmáàkì, ní Nọ́ọ́wè. "Bóndi" ni ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ tirẹ̀. Òun ló di "bonde", àgbẹ̀. "Nabo" ní Dẹ́nmáàkì àti Nọ́ọ́wè ni aládùúgbò, ẹni tó tẹ̀dó nítòsí. "Húsbóndi" ni ẹni tó ni ilé, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá tó di "husband". Èmi a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé "baálé ilé" ni kí wọ́n fi túmọ̀ húsbóndi, kì í ṣe "ọkọ". "Bauer" èdè Jámánì àti "boer" èdè Dutch, ilé kan náà ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni Gẹ̀ẹ́sì mú, tó sọ di "boor", aláìmọ̀wàáhù. Bí ará Èkó ṣe ń pe èèyàn ní ará oko gẹ́lẹ́ nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí, torí ará oko ló ń bọ́ ará Èkó.

Ní báyìí, kí ló yà wọ́n nípa? Ọjà ni.

Ní ìgbà tí òwò àwọn ará Jámánì Àríwá gbilẹ̀ lórí Òkun Baltic, láti bí ọdún 1200 lọ sókè, àwọn oníṣòwò Hansa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Jámánì yẹn, kún Visby, wọ́n kún Stockholm. Òfin ìlú tí Ọba Magnus Eriksson ṣe ní Swídìn láàárín àwọn ọdún 1300 fàyè gbà á pé kí ìdajì ìgbìmọ̀ ìlú jẹ́ ará Jámánì. Ọdún 1471 ni wọ́n tó fagi lé e. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló mú "stat" wá láti inú èdè wọn. Ibi tó ní odi, tó ní ọjà àti ìgbìmọ̀, di "stad". Ibi tí àwọn àgbẹ̀ kù sí ló ṣẹ́ kù fún "by". Ẹ rí i pé Swídìn ò sọ "by" di kékeré. Àlejò ló dé, ó gba ipò òkè ilé, onílé sì dúró nísàlẹ̀.

Dẹ́nmáàkì náà gba ọ̀rọ̀ Jámánì, ìlú ọjà ń jẹ́ "købstad" lọ́dọ̀ wọn. Nínú òfin Jutland, apá kan ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ti 1241, "by" ni ibi tí àwọn àgbẹ̀ jọ ń dáko lórí ilẹ̀ àjọni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, "by" ò gbà kí wọ́n lé òun kúrò. Nígbà tó yá ó gun òkè, ó gba ìlú mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ wa tó wà ní Kọpẹnhágìn fi ń lo ọ̀kan náà fún méjèèjì.

ÌyáÌbejì_Oslo

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, òfin Bergen ti 1276 ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Bergen ìgbà yẹn jẹ́ oko.

Olùkọ́Àgbà_Ìbàdàn

Òótọ́ ni, ọmọ mi, ẹ̀rí rẹ lágbára. Bergen ti jẹ́ ìlú, wọ́n sì pè é ní "bœr". Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, ẹni tó ń gbé inú oko kan ṣoṣo létí omi náà ń pe ilé rẹ̀ ní "bœr". Lọ wo àwòrán ilẹ̀ Nọ́ọ́wè, wàá rí ibi tó ń jẹ́ "Bø": ọ̀kan wà ní Telemark, òmíràn wà ní Vesterålen. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Áísílándì, tí èdè rẹ̀ ò tíì yà jìnnà sí ti àtijọ́, ṣì di méjèèjì mú: "bær" lè jẹ́ ilé àgbẹ̀ pẹ̀lú ẹran rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìlú. Ìlú Akureyri ń pe ìjọba rẹ̀ ní "Akureyrarbær".

Èmi tí mo wà ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi. Ibùdó ogun ni ìlú wa ní 1829. Ó gbòòrò títí, ó di ìlú tó tóbi ju ọ̀pọ̀ ìlú aládé lọ, síbẹ̀ Baálẹ̀ ni à ń pe olórí wa títí di 1936, kí oyè náà tó di Olúbàdàn. Tí ẹnì kan bá ń ka ìwé ní òkèèrè, tó rí "Baálẹ̀", abúlé ni yóò rò, bí ọmọ Òṣogbo ṣe ro "byen".

ỌmọÒṣogbo_Göteborg

Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ ti là mí lójú.

Ohun tí ẹ sọ mú mi rántí Èkó. Abúlé-Ẹ̀gbá, Abúlé-Ìjẹ̀ṣà, Abúlé-Ọjà: àárín ìgboro ni gbogbo wọn wà báyìí, ọkọ̀ ò ráyè kọjá níbẹ̀, "abúlé" ò sì kúrò lórúkọ wọn. Ronneby àti Visby rí bákan náà ní Swídìn, "stad" ni wọ́n, orúkọ wọn ṣì ń jẹ́ "by". Rinkeby ní Stockholm, tí èmi àti ìyàwó mi kọ́kọ́ gbé kí a tó wá sí Göteborg, ilé gogoro ló kún ibẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún jagunjagun ló wà níwájú rẹ̀. "By" àwọn jagunjagun.

"By" kan tún wà ní èdè Swídìn tí ẹ ò tíì dárúkọ. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ lójijì, tó tún dákẹ́, "by" ni wọ́n ń pè é, "vindby". Létí òkun níbí, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Olùkọ́Àgbà_Ìbàdàn

Ìyẹn yàtọ̀, kì í ṣe ara wọn. Ẹ̀yin ẹ fi í sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Lọ́yà_Àkúrẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ti ń kà á láti òkè, ọ̀rọ̀ sì ti kan iṣẹ́ mi báyìí.

Gbogbo wa la mọ "bye-law" tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣe: ti ọjà, ti ẹran jíjẹ̀ káàkiri, ti ìdọ̀tí. Nígbà tí mo wà níléèwé, mo rò pé òfin tó wà "lẹ́gbẹ̀ẹ́" òfin ńlá ni wọ́n ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. "By" tí a ń tú yìí ló wà níbẹ̀: òfin tí àwọn ará ibùdó kan fẹnu kò sí láàárín ara wọn, lórí ta ni ẹran rẹ̀ máa jẹko níbo, ìgbà wo ni kí wọ́n kórè. Ó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti àwọn ọdún 1200. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn wá gbọ́ "by" ti "lẹ́gbẹ̀ẹ́" nínú rẹ̀.

"Law" fúnra rẹ̀ náà, ọwọ́ àwọn Dáníìṣì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á. Láti ara "law" ni "lawyer" ti jáde, láti ara "lawyer" ni àwa ti rí "lọ́yà". Ó wú mi lórí gan-an nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, pé orúkọ tí ìyá mi fi ń pè mí ní ọjà Àkúrẹ́ ti wọkọ̀ ojú omi láti Dẹ́nmáàkì ní ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sẹ́yìn.

ỌmọÒṣogbo_Göteborg

Àwọn tó ń gbé ìgbèríko níbí ṣì ní "byalag" o, ẹgbẹ́ àwọn ará abúlé. "By" àti "lag", ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ òfin, tó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, wọ́n ń dáná ìbẹ̀rẹ̀ oṣù May papọ̀. Mi ò fìgbà kan so ó mọ́ "bye-law" rí!

Olùkọ́Àgbà_Ìbàdàn

So ó mọ́ ọn, ọmọ mi, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá. Kí o sì mọ̀ pé ohun tí byalag jẹ́ tẹ́lẹ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Nígbà tí ilẹ̀ oko jẹ́ àjọni, òun ló ń sọ ọjọ́ ìfúnrúgbìn. Àwọn òfin tí wọ́n fi pín ilẹ̀ fún olúkúlùkù, pàápàá ti 1827 tí wọ́n ń pè ní "laga skifte", ló tú wọn ká. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní láti wó ilé wọn, kí wọ́n lọ tún un kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n pín fún wọn. "By" kù, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ti fọ́n káàkiri.

ÌyáÌbejì_Oslo

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, torí etí Yorùbá ló máa gbádùn rẹ̀. Bàbá dárúkọ "bonde", àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni "bønder". Ọ̀rọ̀ mìíràn wà, "bønner": ẹ̀wà ni, àdúrà náà sì ni. Létí ẹni tí kò mọ ohùn, "bønder" àti "bønner" ò yàtọ̀ rárá, torí wọn kì í pe "d" yẹn. Ohùn ló yà wọ́n. Àwọn tí a jọ kọ́ èdè yìí láti ilẹ̀ mìíràn jà fitafita kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí inú "ọkọ" àti "ọkọ̀" àti "ọkọ́" ni wọ́n bí mi sí. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kọpẹnhágìn

Ní Dẹ́nmáàkì kò sí ohùn yẹn, mà. Wọ́n máa ń dá èémí dúró díẹ̀ nínú ọ̀nà ọ̀fun ni, nínú "bønder". Nínú "bønner" wọn ò ní dá a dúró.

Ewélóko

Ẹ ò rí i pé àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Sọ "ọkà" fún ará Ọ̀yọ́, àmàlà ló máa gbé wá. Sọ "ọkà bàbà" fún un, ó di irúgbìn nínú oko. Kò sí ẹni tó yí i padà, oúnjẹ tó wà níwájú kálukú ni.

ỌmọÒṣogbo_Göteborg

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Lánàá mo lọ bá ọ̀gá mi, mo sì ṣàlàyé fún un ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn àti ìdí rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní oko Bø kan ni ìyá bàbá òun ti wá, pé láti kékeré ni òun ti ń pe orúkọ náà, òun ò sì bi ẹnikẹ́ni rí ohun tó túmọ̀ sí. Mo sọ fún un bí Bàbá ṣe sọ ọ́ fún mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní Sátidé yìí a tún máa pàdé "i byen". Mo ti gba orúkọ òpópónà náà lọ́wọ́ rẹ̀.